Aṣọ Dúdú Tí Biakdiki Hun

Biakdiki, tí wọ́n ń pè ní Diki, purọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti wo ọwọ́ òun sàn, kí ìyá Zokhuma lè gbà á ní ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rí Zokhuma fẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò padà bọ̀ sípò mọ́ láé.

Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn kan máa ń sọ pé ìfẹ́ ń wo àrùn sàn. Ìfẹ́ kì í wo nǹkan kan sàn. Ó kàn ń mú kéèyàn fara da ohun tó yẹ kó ké lé lórí ni.

Ìrẹsì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lórí òkè tí abúlé wọn wà, kò sí obìnrin tó ń gbé ìkòkò kaná láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan sọ́tọ̀ sínú agolo fún iṣẹ́ Olúwa. Tó bá di Sátidé, Pi Thuami, ìyá Zokhuma, á máa ti ilé dé ilé, á kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú apẹ̀rẹ̀ tó fi okùn kọ́ iwájú orí. Opó ni, Pi sì ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin àgbà níbẹ̀, bí Pu ṣe jẹ́ ti ọkùnrin. Aṣọ ló ń hun jẹun. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí ọparun, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àdá lọ.

Ní Sátidé kan, ó gbé agolo ilé Pu Sawma, bàbá Diki, ó mì í, ó tún un mì.

"Ìrẹsì ilé yín ti ń dín kù. Ṣé ẹ ò jẹun mọ́ ni, àbí Ọlọ́run ló ti yó?"

Engi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Diki, bú sẹ́rìn-ín. "Pi, ẹ má wo ojú mi o. Diki ló ń dáná."

"Diki, na ọwọ́ rẹ kí n rí bó ṣe ń bù ú."

Diki kò nawọ́. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró rẹ̀. "Màá bù ú kún lọ́la, Pi."

"Ẹni tó bá háwọ́ sí Ọlọ́run, ebi ló máa fi pa ọkọ rẹ̀," ni Pi Thuami wí, ó sì da ìrẹsì náà sínú apẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ahun ló ń ṣe Diki. Ọwọ́ náà ni kò pa dé mọ́. Láàárọ̀, àwọn ìka rẹ̀ máa ń le gan-an, bí ẹni pé wọ́n ti rọ òkúta wẹ́wẹ́ sínú oríkèé wọn, oòrùn á sì ga kó tó lè di ṣíbí mú. Dókítà kan ní Aizawl, olú ìlú wọn, ti sọ fún un pé ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ó ní oògùn kò ní lé àrùn náà lọ, yóò kàn so ó mọ́lẹ̀ bí a ti ń so ajá burúkú ni, tí wọ́n bá sì tú okùn, yóò bu èèyàn jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Diki ń gbé oògùn náà mì, á sì fi ọjọ́ kejì bì. Bàbá rẹ̀ àti Engi nìkan ló mọ̀.

Zokhuma dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Orúnkún ń dun ìyá rẹ̀, òun ló wá bá a gbé apẹ̀rẹ̀. Òun ló ń wa ọkọ̀ akérò láti abúlé wọn lọ sí Aizawl, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń ti ibẹ̀ lọ, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa wo ohun kékeré lójú ọ̀nà tóóró. Nígbà tí Diki fa ọwọ́ jáde láti gbé omi fún ìyá rẹ̀ mu, Zokhuma rí bó ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ife náà bí ọmọdé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó wá kí i. Àṣà wọn ni pé kí ọ̀dọ́kùnrin wá jókòó sídìí iná nílé ọmọbìnrin, kí bàbá ọmọ máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọbìnrin ni yóò gé kuhva fún àlejò, kí wọ́n jọ máa jẹ ẹ́. Obì wọn nìyẹn, ó sì le bí egungun. Diki gbé abẹ tí wọ́n fi ń gé obì náà, ó tẹ̀ ẹ́, kò gé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Omi lé sójú rẹ̀.

Zokhuma na ọwọ́. "Gbé e wá. Àlejò tó ń gé obì fúnra rẹ̀ kì í tètè lọ."

"Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ta ni wọ́n? Bàbá rẹ ń sùn."

"Mi ò sùn," ni Pu Sawma wí láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. "Mo kàn di ojú ni. Gé tèmi mọ́ ọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Zokhuma rẹ ohùn sílẹ̀. "Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?"

Kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa ń bi í ni bóyá ó ti sàn.

"Ṣé eyín ti dùn ọ́ rí, U Khuma?" ni Diki wí, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe ọkùnrin tó juni lọ níbẹ̀.

"Ó ti dùn mí."

"Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni tèmi."

Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó gé obì náà, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó fi sí i lẹ́nu kó má bàa lo ọwọ́. Ibẹ̀ ni Diki ti kó sínú ìfẹ́. Ó mọ̀ pé òun kó sí i, ẹ̀rù sì bà á, torí ẹni tí kò ní nǹkan kan kì í bẹ̀rù olè.

Ọdún méjì ni Zokhuma fi ń wá bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbéyàwó tán. Nígbà tó ní kí ìyá òun rán alárinà sílé Pu Sawma, Pi Thuami fi apasá ìhunṣọ gbá ilẹ̀.

"Ọmọ tó ń fi ìka bu ìrẹsì fún Ọlọ́run! Mo ti wádìí ẹ̀. Aláìsàn ni. Ó ń lo oògùn, wọ́n sì ní ẹni tó bá ń lo irú oògùn yẹn kò gbọdọ̀ lóyún. Ṣé kí n fowó fẹ́ àgbá òfìfo?"

Zokhuma rán Pu Kapa, àbúrò ìyá rẹ̀, kó bá òun bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Pu Kapa, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbé ìròyìn burúkú sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín dé ilé Diki, kò kọ́kọ́ mu tíì tí wọ́n gbé fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní òun lè gbà. Àmọ́ kí Diki mú aṣọ dúdú wá."

"Ìyàwó wo ni kì í mú aṣọ dúdú lọ?" ni Pu Sawma bi í. Lóòótọ́, kò sí ìyàwó ibẹ̀ tí kì í gbé aṣọ òkú wọ ilé ọkọ, aṣọ dúdú tó ní ìlà pupa àti funfun, tí wọn yóò fi bo ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ nínú àwọn àgbà ilé náà, tàbí ọkọ fúnra rẹ̀. "A ó rà á lọ́jà."

"Ó ní kì í ṣe rírà. Ó ní aṣọ tí òun fi ọwọ́ ara òun hun lòun fi bo ọkọ òun. Ó ní obìnrin tí kò lè hun aṣọ tó máa fi bo ọkọ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bò ó, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Pu Kapa wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ ẹnu rẹ̀."

Zokhuma bínú. Ó ní òun máa ra aṣọ náà ní ìlú àwọn ahunṣọ, ta ni yóò mọ̀? Diki mi orí.

"Ìyá rẹ ti ń hun aṣọ kó tó bí ọ. Á wò ó bí ẹni wo ojú ọmọ, á mọ ìyá tó bí i."

"Jẹ́ ká kàn fẹ́ra wa láìsí i."

"Ìwọ nìkan ló bí, U Khuma. Kí n mú ọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí n sì tún máa pè é ní ìyá?"

Zokhuma gbé abẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé obì. Diki rí i. Zokhuma kò ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Yóò máa wá gé obì nídìí iná títí irun orí wọn á fi funfun. Èyí ló dẹ́rù ba Diki ju kíkọ̀ lọ.

Lóṣù yẹn àwọn obìnrin ìjọ ṣe ààwẹ̀. Wọ́n pe Diki síwájú, wọ́n yí i ká, gbogbo wọn gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń kọrin. Pi Thuami wà níbẹ̀. Òun ló di ọwọ́ ọ̀tún Diki mú, ó fún un, ó ń ké pe Jésù débi tí ohùn rẹ̀ fi há. Ara Diki gbóná. Ìrora náà sì lọ. Mi ò sọ pé ó dín kù o, ó lọ. Diki rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní túbú, ó ń di ọwọ́, ó ń là á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkúta ti padà sínú oríkèé.

Ó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, olórí àwọn obìnrin ní kí ẹni tí Olúwa ṣe lóore dìde jẹ́rìí, gbogbo orí sì yí sí Diki. Pi Thuami pàápàá yí. Ojú rẹ̀ rọ̀, Diki kò rí i kó rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Diki dìde.

"Mo ti sàn," ló wí.

Halelúyà mì òrùlé. Pi Thuami bú sẹ́kún.

Irọ́ tí èèyàn pa lọ́jà, èèyàn lè padà lọ ṣàtúnṣe rẹ̀. Irọ́ tí wọ́n fi orin ìyìn bò, báwo lo ṣe máa hú u jáde? Tí Diki bá tún lo oògùn, Ọlọ́run ló ń pè ní òpùrọ́. Engi ló da oògùn tó kù sínú ihò ìdọ̀tí, tìjó-tayọ̀ ló fi dà á. Òmíràn kò sí àfi ní Aizawl, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń lọ síbẹ̀, Zokhuma ló ń wà á.

Zokhuma kò dúró kí oòrùn wọ̀ kó tó wá lọ́jọ́ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó kó òwú wá, dúdú, pupa, funfun.

"Na ọwọ́ kí n rí i."

Diki nà án. Ó fi agbára la àwọn ìka, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ọlọ́run yìí!" ni Zokhuma wí. "Mo ti ń bínú sí i látọjọ́ yìí. Ṣó máa dárí jì mí?"

"Á dárí jì ọ́," ni Diki wí. Kò wò ó lójú.

Ìgbà òjò ló bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ náà. Ó jókòó sílẹ̀, ó so awọ òfì mọ́ ìdí, ó ti ẹsẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń fa òwú le. Nígbà tí ọwọ́ kò lè di apasá mú mọ́, ó fi àkísà so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Tí Engi bá wọlé, á fi ìró bò ó. Ìka rẹ̀ wú, ó pupa, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí koríko tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́. Ìrẹsì Ọlọ́run, ife ló fi ń bù ú báyìí, ó ń bù ú kún dáadáa. Ní Sátidé, Pi Thuami á mì agolo náà, á sì rẹ́rìn-ín.

Diki kò mọ àdúrà gígùn gbà. Ohun tó máa ń sọ ni, "Ó ń dùn mí." Á dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. Á gbá apasá.

Lọ́sàn-án kan bàbá rẹ̀ dúró lé e lórí.

"Diki. Ṣé o ti sàn?"

"Mo ti sọ ọ́ níwájú ìjọ, Bàbá."

"Ìjọ kọ́ ni mo bi."

Ó gbá apasá. Ó tún un gbá.

"Tó o bá ní kí n sọ̀rọ̀, màá lọ bá wọn lónìí," ni Pu Sawma wí. "Tó o bá ní kí n dákẹ́, màá dákẹ́."

"Ẹ dákẹ́."

Bàbá arúgbó náà jókòó tì í, ó ń bá a tú okùn tó lọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí Kérésìmesì tó dé, aṣọ náà parí. Pu Kapa lọ sọ, Pi Thuami sì wá fúnra rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítòsí àárín, ìka rẹ̀ dúró. Ìlà pupa wọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìlà ló wọ́ sí apá kan náà.

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Pi."

Pi Thuami wò ó. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká aṣọ náà ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po.

"Ó dáa. Mo gbà."

Oṣù kejì ọdún ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Pásítọ̀ ní kí wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún ara wọn mú. Ayọ̀ ń pa Zokhuma, ó gbá ọwọ́ náà mú gírígírí bí ọkùnrin tó ti dúró pẹ́ ṣe máa ń ṣe. Diki kò ké. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń sọ pé, ẹ wo ayọ̀. Ṣùgbọ́n Zokhuma ti mọ ohun tó dì mú. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ Diki lé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ohun tí pásítọ̀ bi í.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, Zokhuma ní, "Láti ìgbà wo?"

"Kò lọ rí."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú ọsibítù yẹn kọjá, Diki. Ojoojúmọ́! Mo máa ń fọn fèrè fún wọn, mo ń rẹ́rìn-ín, pé a ò tún nílò yín mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o rò pé mo máa fi ọ́ sílẹ̀ ni?"

"Mo rò pé wàá dúró. Ìyẹn ni mi ò lè wò."

Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé eékún rẹ̀, ó sunkún. Diki fẹ́ fi ọwọ́ pa á lórí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi pa á, torí iwájú rẹ̀ kò là mọ́.

Ní Aizawl, dókítà wo fọ́tò egungun ọwọ́ rẹ̀. Ó ní oògùn ṣì lè dá àrùn náà dúró níbi tó dé, ṣùgbọ́n èyí tó ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́. Zokhuma bi í ní ti oyún. Dókítà náà ní, "Oògùn mìíràn wà fún ẹni tó bá fẹ́ lóyún. Ó ti wà tipẹ́. Ẹ bá ti béèrè."

Nígbà tí wọ́n padà délé, Pi Thuami wà nídìí òfì. Zokhuma sọ ohun gbogbo fún un, kò fi ọ̀kan bò. Ìyá rẹ̀ kò wo ẹ̀yìn.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí mo rí aṣọ náà ni mo ti mọ̀. Ẹni tó ti sàn kì í hun aṣọ báyẹn."

Diki jókòó. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Pi?"

"Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí o ò sọ?" Arúgbó náà gbé apasá sílẹ̀. "Èmi ni mo di ọwọ́ yẹn mú. Èmi ni mo ké jù. Tó bá jẹ́ pé o ò sàn, àdúrà ta ni Ọlọ́run kọ̀?"

"Ká ní mo ti sọ fún yín, ẹ bá ti ṣe kí ni?"

Pi Thuami ronú. Irọ́ kì í ṣe ìwà rẹ̀. "Mi ò bá ti gbà ọ́," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé inú ilé kan náà, obìnrin méjì tó jọ mọ irọ́ kan. Wọn kò bá ara wọn jà. Pi Thuami ló ń bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì ilé. Tí Diki bá fẹ́ wẹ̀, òun ló ń bá a fọ irun. Nígbà tí wọ́n bí Ruati, ọmọbìnrin, òun náà ló ń pọ̀n ọ́n. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Diki máa ń gbìyànjú. Á bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, Zokhuma á gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, á ju aṣọ ìpọnmọ sẹ́yìn, àmọ́ tó bá kan síso, etí aṣọ á yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Zokhuma lè so ó fún un. Ṣùgbọ́n Zokhuma á wakọ̀ lọ, bí aṣọ bá sì tú, ọmọ á bọ́. Ìyá ọkọ á wá, á gba ọmọ, á pọ̀n ọ́n, kò ní wí nǹkan kan. Ẹ̀yìn Pi Thuami ni Ruati mọ̀ ní ẹ̀yìn.

Lọ́dún tí Ruati ń rìn káàkiri ilé, ọkàn Pi Thuami dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nídìí òfì, awọ ṣì wà nídìí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbẹ́ ilẹ̀. Ilé kún fún orin. Pu Kapa ní kí Diki gbé aṣọ dúdú jáde, torí ìyàwó ilé ló gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ. Diki gbé e lé apá méjèèjì bí ẹni gbé igi, kò lè ṣí i. Zokhuma di etí kan mú, Engi di èkejì, wọ́n sì bo arúgbó náà láti ẹsẹ̀ dé àgbọ̀n. Ìlà tó wọ́ wá dúró sórí àyà rẹ̀ gan-an.

"Aṣọ yìí dára o," ni obìnrin kan tó ti abúlé kejì wá wí. "Ta ló hun ún?"

"Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yìí ni," ni Engi wí.

Obìnrin náà wo ọwọ́ Diki.

Wọ́n gbé òkú lọ. Ilé pa rọ́rọ́. Ruati ti wá ìyá àgbà yí ká ilé, ó ti wo ẹ̀yìn òfì, ó ti wo ibi ìdáná, kò rí i. Oorun ń kùn ún. Ó mú aṣọ ìpọnmọ níbi tó máa ń wà, ó fà á nílẹ̀ wá bá Diki, ó lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gùn ún, ó sì fi ọwọ́ kékeré méjèèjì kọ́ ọ lọ́rùn.

Diki bẹ̀rẹ̀ síwájú. Aṣọ náà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó nawọ́ sí i, etí aṣọ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà dìrọ̀ síbẹ̀, ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ so aṣọ. Ó dúró títí ọwọ́ rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé aṣọ rẹ̀, ó sì lọ jókòó ti òfì, ó ń dúró de ẹni tó mọ ọmọ pọ̀n.